Ẹ Jẹ́ Kí Ilẹ̀ Gbẹ Kí Ẹ Tó Kùn Ún

Àwọn ọmọ àdúgbò wa ní Ìsọlọ̀, àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní sẹ́kọ́ńdírì tí wọn kò tíì mọ ọ̀nà tí wọn yóò gbà, máa ń yà sí iwájú ilé mi ní ìrọ̀lẹ́. Bí wọ́n bá kí mi tán, wọ́n á ní, "Màmá, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe kí ẹ tó fẹ̀yìn tì?" Bí mo bá ní ilẹ̀ ni mo máa ń kùn, wọ́n á rò pé ògiri ni mo ní lọ́kàn. Bí mo bá wá sọ pé kí n tó kùn ún, mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá omi wà nínú rẹ̀, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn lójú. Omi wo ló máa wà nínú kọnkéré? Ẹ̀yin ọmọ mi, omi yẹn ni mo fi jẹun láti ìgbà ọmọge títí irun mi fi funfun. N ó sọ ọ́ bó ṣe rí, kí ẹni tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ bá wù lè mọ ohun tó ń tọrọ.

Sìdíkátù ni wọ́n sọ mí, ṣùgbọ́n Ìyá Wálíù ni gbogbo ayé mọ̀ mí sí. Ará Ìsẹ́yìn ni àwọn òbí mi. Ọ̀rá ni ìyá mi ń tà ní ọjà Òṣòdì, nítòsí ojú irin: ọ̀rá fẹ́lẹ́, ọ̀rá nínípọn, èyí tí wọ́n fi ń bo ọjà nígbà òjò àti èyí tí àwọn tó ń kọ́lé máa ń rà. Bí mo ṣe jáde ní sẹ́kọ́ńdírì ni mo jókòó tì í. Bàbá kan wà tó máa ń wá ra ọ̀rá tó mọ́ kedere bí gíláàsì. Kì í ná ọjà púpọ̀, síbẹ̀ kò sí oníbàárà tó ń yọ ìyá mi lẹ́nu tó o. Á tú ọ̀rá náà, á gbé e sókè sójú oòrùn, á máa fojú tọ̀ ọ́ láti etí kan dé èkejì. Bó bá rí ihò tí kò ju orí abẹ́rẹ́ lọ, á ní kí a gé ibẹ̀ kúrò.

Lọ́jọ́ kan mo bi í pé, "Bàbá, kí lẹ tilẹ̀ ń fi ọ̀rá yìí ṣe tí ihò kékeré kò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀?"

Ó wò mí díẹ̀. "Mo fi ń wò bóyá ilẹ̀ ń làágùn."

"Ilẹ̀ ń làágùn kẹ̀?"

"Ó ń làágùn jù ẹ́ lọ. Wá wò ó lọ́la, bí ìyá rẹ bá gbà."

Ìyá mi kò kọ́kọ́ fẹ́ gbà. Ó ní iṣẹ́ ọkùnrin ni. Ṣùgbọ́n ó ti mọ bàbá náà tipẹ́, ó mọ̀ pé kì í pariwo, kì í mutí, kì í sì í wo ọmọ ọlọ́mọ ní ìwòkuwò. Ó ní kí n lọ, kí n sì padà wá sọ ohun tí mo bá rí fún òun.

Bàbá Ṣówándé ni wọ́n ń pè é. Ọmọ Abẹ́òkúta ni, Kìrìsìtẹ́nì tí kì í pa ìjọ jẹ, èèyàn tẹ́ẹ́rẹ́ tó máa ń fi ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bọ inú ṣòkòtò bó tilẹ̀ jẹ́ pé ilẹ̀ ló fẹ́ lọ kúnlẹ̀ sí. Ilé-iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń ṣe bisikíìtì níhìn-ín ní Ìsọlọ̀ ló mú mi lọ. Ó ti lẹ ọ̀rá mọ́ ilẹ̀ wọn láti ọjọ́ tó ṣáájú, ó sì ti fi téèpù dí etí rẹ̀ yí ká kí atẹ́gùn má bàa rí àyè wọlé. Ó ní kí n kúnlẹ̀ kí n wò ó dáadáa. Gbogbo ilẹ̀ ibẹ̀ funfun, ó gbẹ. Ṣùgbọ́n lábẹ́ ọ̀rá yẹn, omi ti sẹ̀ wínníwínní bí ìrì lórí ewé kókò.

"Kò sí ẹni tó da omi síbẹ̀," ni bàbá wí. "Láti ìsàlẹ̀ ló ti ń bọ̀. Àbàtà ló pọ̀ jù níbi tí a wà yìí kí wọ́n tó da yanrìn sí i. Kọnkéré máa ń mu omi bíi kànìnkànìn, á wá máa tú u jáde díẹ̀díẹ̀. Ọ̀dà tí a ń lò kì í jẹ́ kí èémí kọjá, ó máa ń le bí tánganran. Bí o bá fi bo ilẹ̀ tí omi ṣì wà nínú rẹ̀, omi náà á wá ọ̀nà jáde, á sì gbé ọ̀dà ru."

Mo padà sí Òṣòdì, mo sọ fún ìyá mi pé mo ti rí iṣẹ́. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọ̀gá mi ṣe le tó, kó gbọ́ pé ó pẹ́ gan-an kó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan rólà tí a fi ń kùn ún. Mò ń gbálẹ̀, mò ń fọlẹ̀, mò ń gé ọ̀rá, mò ń lẹ téèpù. Bí etí téèpù bá ká sókè díẹ̀, á ní kí n ṣí i kí n tún un lẹ̀. Bí mo bá ní, "Ọ̀gá, ó ti lẹ̀ dáadáa o, sà," á ní, "Sìdí, atẹ́gùn kò nílò ẹnu ọ̀nà ńlá." Àwọn tí a jọ ń kọ́ṣẹ́ ń sá lọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ní iṣẹ́ ọ̀dà làwọn wá kọ́, àwọn kò wá sin ọ̀rá. Èmi náà rò ó wò lọ́pọ̀ ìgbà. Ohun tó dá mi dúró ni pé bàbá yẹn kì í bú èèyàn. Bí inú bá bí i, á máa fi èdè Ẹ̀gbá kùn sínú bí oyin, ó tán. Ohun yòówù tó bá sì ní kí o ṣe, á kúnlẹ̀ tì ẹ́, ẹ ó jọ ṣe é ni.

Ó kọ́ mi pé ẹ̀yìn ọwọ́ ni kí n máa fi kan ilẹ̀. "Àtẹ́lẹwọ́ òṣìṣẹ́ ti yi," ló máa ń wí. "Ẹ̀yìn ọwọ́ ni ìyá fi ń mọ̀ bóyá ara ọmọ òun gbóná." Ó kọ́ mi láti wo àwọ̀, pé ibi tí omi bá wà máa ń dúdú ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ díẹ̀, bí aṣọ tí a sá tí kò tíì gbẹ tán. Ó fi ìyẹ̀fun funfun tó máa ń hù lójú kọnkéré bí iyọ̀ hàn mí. Ẹni tí kò bá mọ̀ á kàn gbá a dànù ni, kò ní mọ̀ pé omi ló gbé e gòkè wá tó fi í síbẹ̀ tó bá tiẹ̀ lọ.

Ọjọ́ tí mo mọ̀ pé ó ti gbà mí sọ́kàn, ilé ìkẹ́rùsí kan ní Apakun la wà. A ti lẹ ọ̀rá sí ibi púpọ̀. Nígbà tí a dé láàárọ̀ láti wò wọ́n, gbogbo wọn ló gbẹ àyàfi èyí tó sún mọ́ ẹnu ọ̀nà, tí omi ti wà lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá mi yí i ká. Èmi kúnlẹ̀, mo rí i pé etí kan ṣoṣo ló tutù, àárín rẹ̀ gbẹ. Mo gbójú sókè, mo rí búútà bàbá mẹ́gáàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ọ̀gá," mo ní, "omi yìí kò wá láti ìsàlẹ̀. Àlùwàlá ni."

"Báwo lo ṣe mọ̀?"

"Ibí yìí ni bàbá mẹ́gáàdì ti ń fọ ẹsẹ̀ kí wọ́n tó kírun. Omi ló ṣàn wọ abẹ́ téèpù."

Mo lọ kí bàbá náà, mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n bá wa gbé búútà wọn lọ síta fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n gbà. A tún ọ̀rá náà lẹ̀. Nígbà tí a padà wá, kò sí ìrì kankan níbẹ̀. Bí a ṣe ń lọ sílé, ọ̀gá mi tí kì í yin èèyàn ní, "Èmi ìbá ti máa wá páìpù tó bẹ́ kiri." Nígbà tí a dé Òṣòdì, ó ra bọ̀ọ̀lì, ó dá a sí méjì, ó fún mi ní èyí tó gùn. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀.

Nígbà tó yá, mo gba fìrídọ̀ọ̀mù. Wọ́n ṣàdúrà fún mi, mo di ọ̀gá, ṣùgbọ́n n kò kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. A jọ ń ṣiṣẹ́ ni. Mo lọ́kọ, òṣìṣẹ́ rélùwéè tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Bí àwọn èèyàn rẹ̀ bá ní eékún ìyàwó rẹ̀ dúdú jù, á ní, "Ìrun ló ń kí." Mo bí Wálíù, mo bí àwọn àbúrò rẹ̀. Àsìkò yẹn náà la ra mítà kékeré kan tó ní eyín méjì. Bí a bá ki eyín náà bọ ojú ilẹ̀, á fi nọ́ńbà sọ bí omi ṣe pọ̀ tó. Inú mi dùn sí i. Ọ̀gá mi wò ó títí, ó ní, "Ojú ilẹ̀ nìkan ni mítà yìí ń tọ́ wò." Àwàdà ló fi ṣe. Kò mọ̀ pé ọ̀rá tirẹ̀ náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ó wá kan ọ̀rọ̀ tó dùn wá jù lọ.

Obìnrin kan wà lọ́nà Àgọ́ Palace, ní Òkòtà, tí a ń pè ní Màmá Nọ́ọ̀sì. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ó wá sọ ìsàlẹ̀ ilé rẹ̀ di ilé ìgbẹ̀bí. Òun ló gbẹ̀bí Wálíù mi. Kò fẹ́ táìsì ní yàrá ìbímọ, torí ìdọ̀tí máa ń sá pamọ́ sáàárín táìsì. Ó fẹ́ ilẹ̀ tó dán láti ògiri dé ògiri tí a lè fọ̀ mọ́ tónítóní. Ọ̀gbẹlẹ̀ ni nígbà náà, ọyẹ́ ń fẹ́. A lẹ ọ̀rá ju bí a ṣe máa ń lẹ̀ ẹ́ lọ, torí ẹni wa ni. Kò sí ìrì. Mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ kan án, ó gbẹ. Mítà náà ní ó gbẹ. Ọ̀gá mi ní, "Ó ti yá." A kùn ún ní búlúù, ó dán débi pé Màmá Nọ́ọ̀sì bọ́ bàtà kó tó tẹ̀ ẹ́. Ó dúró láàárín yàrá, ó ń rẹ́rìn-ín.

Òjò wá dé. Lọ́dún yẹn, ó ń rọ̀ bí ẹni pé kò ní dá mọ́. Gọ́tà kún, omi wà níbi gbogbo ní Òkòtà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin tó ń bá Màmá Nọ́ọ̀sì ṣiṣẹ́ sáré wọ ṣọ́ọ̀bù wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa bọ̀," ló ní. "Màmá ti ṣubú."

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ilẹ̀ yẹn ti ń lé ròrò láti bí ọjọ́ mélòó kan, bí awọ ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Wọn kò kọbi ara sí i torí àwọn aboyún pọ̀. Láàárọ̀ yẹn, Màmá Nọ́ọ̀sì gbé ọmọ tuntun kan lọ́wọ́, ó ń gbé e lọ fún ìyá rẹ̀. Ó tẹ ọ̀kan nínú àwọn ròrò náà, ó bẹ́, omi inú rẹ̀ tú síta, ọ̀dà sì ṣí bí èèpo. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Bó ṣe ń lọ sílẹ̀, ó yí ara rẹ̀ padà, ó di ọmọ náà mọ́ àyà, ó fi apá ọ̀tún gba ilẹ̀. Ọmọ náà kò fara pa rárá. Apá Màmá Nọ́ọ̀sì ló dá.

A bá a ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti fi báńdéèjì funfun di apá rẹ̀. Ọ̀gá mi dúró níbi ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́ méjèèjì.

Màmá Nọ́ọ̀sì ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Bàbá Ṣówándé, ẹ má wò mí báyẹn. Ọmọ náà ti mu ọyàn, ó ti sùn."

Ọ̀gá mi yí padà, ó jáde. Láti ọjọ́ yẹn, kò wá sí ṣọ́ọ̀bù mọ́. Mo ní bóyá ó fẹ́ sinmi ni. Nígbà tó pẹ́ jù, mo lọ bá a nílé. Ó jókòó síwájú ilé, ó gbé ọwọ́ lé eékún, ó ń wo ilẹ̀. Aṣọ ilé ló wọ̀. N kò rí i báyẹn rí.

"Ọ̀gá," mo ní, "ẹ jẹ́ ká lọ wo ohun tó fà á."

"Kí la tún fẹ́ wò? Ìwọ náà rí i. Ó gbẹ."

"Ó gbẹ lójú, sà. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú."

Mo kúnlẹ̀. Mo ní, "Tótó ṣe bí òwe o. Wọ́n ní bí ẹṣin bá dá ni, à á tún un gùn ni."

Ó pẹ́ kó tó dìde. Ó wọlé lọ wọ ṣẹ́ẹ̀tì, ó sì fi bọ inú ṣòkòtò.

A lọ bá ẹnjinníà kan ní ilé-iṣẹ́ tí a ti ń ra ọ̀dà, ọ̀dọ́mọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ tó pe ọ̀gá mi ní Bàbá láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó gbé dírì wá. Ó lu ihò wọ inú kọnkéré Màmá Nọ́ọ̀sì, ó ki ọ̀pá róbà kékeré bọ̀ ọ́, ó dé e lórí, ó ní ká fi sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀. Nígbà tí a padà wá, ó ki ẹ̀rọ kan bí ìka ọwọ́ sínú ihò náà. Nọ́ńbà tó jáde ga gan-an.

"Bàbá, ẹ ronú búrẹ́dì," ni ẹnjinníà wí. "Èèpo rẹ̀ lè gbẹ kí inú rẹ̀ ṣì tutù. Ọyẹ́ ló gbẹ ojú ilẹ̀ yìí nígbà tí ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. Nígbà tí ẹ wá bò ó, tí òjò dé, omi gbéra láti ìsàlẹ̀. Mo sì rò pé ẹni tó kọ́ ilé yìí kò tẹ́ ọ̀rá dúdú tó ń dí omi sábẹ́ kọnkéré."

Ọ̀gá mi ní kó jọ̀ọ́, kó tún un ṣàlàyé. Ẹnjinníà tún un ṣàlàyé. Ọ̀gá mi fi ìka tọ ẹnu ihò náà, ó ní, "Ọ̀rá mi kò parọ́ fún mi. Ohun tí mo bi í ló dá mi lóhùn. N kò mọ̀ pé ìbéèrè mìíràn wà." Ó ní kí ẹnjinníà fi bí wọ́n ṣe ń lò ó han òun. Ó ti darúgbó nígbà náà, awò ojú ló fi ń ka nọ́ńbà náà, síbẹ̀ kò kúrò níbẹ̀ títí ó fi mọ̀ ọ́n ṣe.

A fọ́ ilẹ̀ náà. Lóòótọ́, a kò bá ọ̀rá kankan lábẹ́ rẹ̀, yanrìn tútù la bá. A tẹ́ ọ̀rá dúdú tó nípọn, a da kọnkéré tuntun lé e. Ọ̀gá mi ru nínú ẹrù yẹn, n kò lè dá a dúró. Ó wá kù ká dúró kí ilẹ̀ gbẹ, ìdúró yẹn ló sì le jù.

Àwọn aboyún kò lè dúró de kọnkéré. Màmá Nọ́ọ̀sì ń gbẹ̀bí ní pálọ̀ rẹ̀ lókè, ó ń fi ọwọ́ òsì júwe fún ọmọbìnrin tó ń ràn án lọ́wọ́. A lu ihò, a ń lọ ka nọ́ńbà wò. Ó ń wálẹ̀, ṣùgbọ́n bí ìgbín ló ń wálẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí a wà níbẹ̀, obìnrin kan dé tí ìrọbí ti mú. A ń wò ó bó ṣe ń gun àtẹ̀gùn. Á gun ọ̀kan, á di irin mú, á kérora, á tún gun òmíràn. Ìyá ọkọ rẹ̀ ń tì í lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gòkè tán, Màmá Nọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa.

"Bàbá Ṣówándé," ló ní, "ojú yín ni o. Bí ọ̀kan nínú wọn bá jábọ́ lórí àtẹ̀gùn yìí ńkọ́? Ẹ bá mi kùn ún bẹ́ẹ̀. Mo gbà á."

Ọ̀gá mi wò mí. "Sìdí, kí ni ẹ̀rọ wí?"

"Kò tíì wálẹ̀ tó, sà."

"Ó kù díẹ̀, àbí?"

"Ó kù díẹ̀, sà."

Ó gbójú wo òkè àtẹ̀gùn. Lẹ́yìn náà ló ní, "Lọ po ọ̀dà."

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ rí. Mo kúnlẹ̀ síwájú àwọn méjèèjì.

"Ọ̀gá mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí. N kò ní pò ó. Àánú Màmá ń ṣe yín, ó ń ṣe èmi náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí ilẹ̀ bá ní kò tíì yá, kò tíì yá nìyẹn, ẹnikẹ́ni tó wù kó máa bẹ̀ wá. Bí a bá kùn ún lónìí, tó bá tún bẹ́, ta ló máa gba ọmọ mú?"

Ọ̀gá mi jáde lọ sí ibi géètì, ó kọ ẹ̀yìn sí wa. Mo rò pé ó ti tán láàárín èmi àti rẹ̀. Màmá Nọ́ọ̀sì fi ọwọ́ kan mí léjìká, ó ní kí n dìde, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò dùn.

Nígbà tí ọ̀gá mi padà, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó bá Màmá Nọ́ọ̀sì sọ̀rọ̀, kò wo ọ̀dọ̀ mi.

"Ìyá, òótọ́ lọmọ yìí sọ. Ẹ tún fún wa láyè. Ní ti àtẹ̀gùn, ẹ fi ìyẹn lé mi lọ́wọ́. Kí lẹ ń fi gáréèjì yín ṣe?"

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti mú káfíńtà dé. Wọ́n ti mọ́tò síta. A fi ọṣẹ àti omi gbígbóná fọ ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì gáréèjì náà, a kun ògiri rẹ̀ ní funfun, káfíńtà ṣe ilẹ̀kùn tó ṣeé tì, a ta kọ́tìnnì, a gbé bẹ́ẹ̀dì wọlé. Kò sí aboyún tó tún gun àtẹ̀gùn. Títí ilẹ̀ náà fi gbẹ, gáréèjì yẹn ni wọ́n ń bímọ sí. Màmá Nọ́ọ̀sì máa ń sọ fún àwọn ìyá ọmọ pé, "Kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọmọ yín yìí máa ra mọ́tò o, ibùsùn mọ́tò la bí i sí." Ẹ̀rín yẹn tu ọ̀gá mi lára ju oògùn lọ.

Nọ́ńbà náà wálẹ̀ nígbẹ̀yìn. A tún un kà, ó wálẹ̀ síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí a kùn ún, ọ̀gá mi gbé rólà lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n bẹ̀rẹ̀, òun á máa tẹ̀ lé mi. Nígbà tí òjò ọdún tó tẹ̀ lé e rọ̀, à ń lọ wo ilẹ̀ yẹn bí ẹni ń lọ wo aláìsàn. Ó dúró digbí. Apá Màmá Nọ́ọ̀sì jinná, ṣùgbọ́n kò lè nà án tán mọ́. Ó ṣì fi gbẹ̀bí fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀gá mi darí sí Abẹ́òkúta, ó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún mi. Èmi náà kọ́ àwọn èèyàn níṣẹ́, lọ́kùnrin lóbìnrin. Irinṣẹ́ ti yàtọ̀ báyìí. Wọ́n á fi ẹ̀rọ sínú ihò, nọ́ńbà á wọ inú fóònù wọn, wọ́n lè wà ní Òṣòdì kí wọ́n máa ka ilẹ̀ Ìsọlọ̀. Mo fẹ́ràn rẹ̀, n kì í ṣe arúgbó tó ń bú nǹkan tuntun. Ṣùgbọ́n kí n tó jẹ́ kí wọ́n lu ihò, mo máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀, kí n wo àwọ̀, kí n fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án kiri. Ẹ̀rọ á sọ ohun tó wà níbi tí ẹ bá fi í sí. Ibi tó yẹ kí ẹ fi í sí, ẹ̀yin lẹ máa mọ̀ ọ́n. Nígbà tí eékún mi kọ̀ tí kò fẹ́ kúnlẹ̀ mọ́, mo mọ̀ pé ó tó gẹ́ẹ́.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ara yín kò bá lè gba ìdúró, ẹ má ṣe iṣẹ́ yìí. Wọ́n á máa kánjú lé yín lórí lójoojúmọ́. Ẹni tó fẹ́ ṣí ilé-iṣẹ́ á ní ẹ̀rọ òun ti dé ibùdókọ̀ ojú omi. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀ṣì á ní bíṣọ́ọ̀bù ń bọ̀. Òótọ́ ni gbogbo wọn ń sọ, èèyàn dáadáa sì ni púpọ̀ nínú wọn. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu yín lẹ máa fi sọ fún wọn pé kí wọ́n fẹ̀sọ̀, ẹ ó sì máa sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí èmi náà fẹ̀yìn tì, mo lọ kí ọ̀gá mi ní Abẹ́òkúta. Kò lè dìde mọ́. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbé àga fún mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó di ọwọ́ mi mú, ó ń fi àtàǹpàkò kan ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ibo lẹ ti ń ṣiṣẹ́ báyìí?"

"Ọ̀gá, ilé ńlá kan ní Ìsọlọ̀, alájà mẹ́ta. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ̀, kò gbẹ."

"Kí lo sọ fún wọn?"

"Mo ní kí wọ́n dúró."

"Wọ́n dúró?"

"Wọn ò dúró, sà. Wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn."

Ó pa ojú dé. Mo rò pé oorun ti gbé e lọ. Nígbà tó yá, mo gbọ́ ohùn rẹ̀, ó lọ sílẹ̀ ṣùgbọ́n ó já gaara.

"Bí o bá ń ka iṣẹ́ tí o ṣe láyé," ló ní, "máa ka ìyẹn mọ́ ọn."